Ìbòjú Kejì Fàyèsílẹ̀

Kò sí oníbàárà tí kì í bá a jà lórí àyè.

"Bàbá Télọ̀, aṣọ yìí tóbi jù mí lọ o."

"Kò tóbi. Ìwọ ni o ò tíì jẹun yó."

Bó ṣe ń ránṣọ nìyẹn láti ìgbà tó ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn télọ̀ mìíràn, tí wọ́n bá rán ṣòkòtò tán, wọn á fi sísọ́ọ̀sì ré ìyókù etí aṣọ dànù. Òun kì í ré e. Á ṣẹ́ ẹ sínú, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tó sá pamọ́ sínú aṣọ. Torí ènìyàn ń sanra. Torí ọmọ ń ga, torí ayé ń dẹrùn fún ẹlòmíràn lójijì. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹni tó bá a jà yẹn náà ló máa tún yọ lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò lápá, ikùn níwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi tú u síta díẹ̀?"

"Mo ti ń retí ẹ," ni yóò wí.

Aránbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló sọ ọ́ ní Fàyèsílẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Bàbá wa" ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, sílé iṣẹ́, sí òkèèrè, tí kò sì sí "wa" kankan nínú ilé mọ́ ju àwọn méjèèjì lọ.

Yàrá kan, pálọ̀ kan. Ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkọ ń ránṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á jọ jókòó, wọn á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí oorun á fi dé.

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ há. Ó pe ìyẹn ní eruku aṣọ. Àwọn dókítà pè é ní jẹjẹrẹ ọ̀fun. Wọ́n fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí i lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí awọ ọrùn rẹ̀ fi dúdú bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù sí lórí. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Wọ́n ki rọ́bà bọ ihò imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ.

Rọ́bà yẹn ló dùn ún jù. Kì í ṣe ìnira rẹ̀. Ojú ènìyàn ni. Oníbàárà á wọlé, á rí rọ́bà tó rọ̀ lẹ́bàá imú rẹ̀, á wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti fi téèpù wọn ọrùn, àyà àti ìbàdí gbogbo wọn, tó mọ ẹni tí èjìká rẹ̀ kan wálẹ̀ ju ìkejì lọ. Wọn ò lè wò ó mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà náà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Tí o bá tún rí rọ́bà nímú mi, kí o mọ̀ pé èmi kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ni," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Imú yẹn tó rọ́bà méjì. Ó kù díẹ̀ kó gba rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ìyẹn. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ránṣọ. Ó bá àwọn ènìyàn jà lórí àyè. Ọdún dáadáa ni àwọn ọdún náà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni kókó jẹjẹrẹ náà padà wá.

Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, àfi pé ó ti wọlé sí i, ó ti sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà tó gba ọ̀ràn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Ó di ìkúùkù, ó fi ìka ọwọ́ kejì tì í.

"Bàbá, ẹ wò ó. Kókó yẹn ni ìkúùkù yìí. Ìka yìí ni iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn yín kọjá. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀ yí kókó ká, ìtànṣán sì kan gbogbo ohun tó wà láyìíká. Ìwọ̀nba tí iṣan yẹn lè gbà láyé yìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Tí a bá tún ṣe bíi ti ìjọ́sí, apá àti ẹsẹ̀ yín lè rọ. Torí náà, kókó yẹn nìkan la máa dojú ìtànṣán kọ. Àyè tí a máa fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kò ju tín-ń-tín lọ."

Fàyèsílẹ̀ wo ìka náà. "Ẹ fẹ́ gé e pẹ́kípẹ́kí."

"Pẹ́kípẹ́kí, sà."

"Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá wá mira ńkọ́?"

"Ìbòjú ò ní jẹ́ kí ẹ mira."

Ó mọ ìbòjú. Ó ti lo ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí le ju tìjọ́sí lọ. Ike funfun, ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara rẹ̀ bí asẹ́. Wọ́n tì í bọ omi gbígbóná, ó rọ̀, wọ́n fà á bo ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, ọrùn, dé èjìká. Ó tutù síbẹ̀. Ó le síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i kúrò, ojú rẹ̀ wà nínú ike náà, imú ńlá náà kò gbẹ́yìn.

"Ẹni tó rán èyí mọ̀ ọ́n rán," ó sọ fún ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ. "Kò fi àyè ìka kan sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá Télọ̀, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa o."

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà pe tọkọtaya jókòó.

"Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má rù. Tí ẹ bá rù, ìbòjú máa tóbi, ọrùn yín á máa yí nínú rẹ̀, ìtànṣán á sì máa bọ́ síbi tí a ò rán an. Tí oúnjẹ ò bá lọ, ẹ sọ fún wa ká tètè ki rọ́bà. Tí ẹ bá rù kọjá àlà, a máa ní láti dá a dúró. A ò sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta."

Ẹni méjì ló jókòó gbọ́ ọ. Ìyàwó gbọ́ "ẹ má rù". Ọkọ gbọ́ "rọ́bà", ó sì gbọ́ "a máa dá a dúró". Èyí tó wà láàárín, nípa ọrùn tó ń yí nínú ìbòjú, ó kọjá létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ẹlòmíràn.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ìyàwó rẹ̀ á lu ẹyin mọ́ mílíìkì, á fi bọ́tà sí i, á dà á sínú fúláàsì, á gbé e lé e lọ́wọ́ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ mu ún tán."

"Màá mu ún tán."

"Gbogbo ẹ̀."

"Ṣé màá fá fúláàsì náà mọ́ ọn ni?"

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì á ní kó gun òṣùwọ̀n, á sì ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè. Ìyàwó rẹ̀ máa ń gba àyè lọ́jọ́ náà láti tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n kò yí padà. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́, bó ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ kékeré tó bá ka nǹkan já. Ó kọrin nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi délé. Awakọ̀ bá a gbè é.

Lẹ́yìn náà, ẹnu Fàyèsílẹ̀ bó. Ọ̀fun rẹ̀ di egbò. Omi lásán ń ta á bí ata. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì ka ìwọ̀n, ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ kò kọrin. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó létí ibùsùn, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lọ́rùn, ó ń wo ilẹ̀. Fàyèsílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó.

Iṣẹ́ kọ́tìnì ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Irú kọ́tìnì bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń rán òjé wẹ́wẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e kiri. Àwọn òjé náà wà nínú agolo lórí tábìlì ìgéṣọ. Pẹlẹbẹ. Tútù. Wọn ò tóbi ju bọ́tìnì kóòtù lọ, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá bù wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ á wálẹ̀.

Ó bù wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

Kọ́là ló kọ́kọ́ mú. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pátá, ó tú kọ́là wọn, ó gé e kù, ó tún un rán kó lè gbá ọrùn rẹ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mú ìbàdí ṣòkòtò wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó máa ránṣọ mọ́ ènìyàn lára láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó fi àkísà aṣọ kọ́tìnì wé òjé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa dún mọ́ ara wọn. Ó tò wọ́n. Ó fi ọwọ́ rán an, kò lo ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò rán nǹkan kan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n padà sí bó ṣe wà. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Fúláàsì ńkọ́? Ó ń mu ohun tó bá lè mu. Ìyókù, ó ń dà á sínú ìdérí agolo kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ológbò kan wà níbẹ̀ tí kò ní olówó, egungun lásán ni tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìyá alájé.

"Fàyèsílẹ̀," aránbàtà pè é, òun àti bàtà tó há sáàárín orúnkún rẹ̀, "ta ló fún ológbò yìí lóyún?"

"Má wò mí. Èmi ò sí nílé."

"Ó ti sanra jù ẹ́ lọ o."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín. Fàyèsílẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà aránbàtà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó padà sídìí bàtà rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà ní ojú.

"Bàbá wa, ojú yín ti wọlé."

"Ojú ló wọlé. Ara ṣì wà níta. Lọ bi nọ́ọ̀sì léèrè."

Kí ló fẹ́ bi nọ́ọ̀sì? Ó gbọ́ ìwọ̀n náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ó rí kọ́là tó gbá ọrùn mú. Ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, ó sì rọrùn láti gbà.

Lórí tábìlì ìtànṣán, ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòjú ti ń ṣófo. Tí wọ́n bá ti fi í bò ó, Fàyèsílẹ̀ á fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á gbé àgbọ̀n sókè, á fi ara kún un. Wọ́n máa ń ya àwòrán kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n egungun ló ń hàn ketekete nínú àwòrán náà. Egungun kì í rù. Wọ́n bá egungun mu, wọ́n tan ìtànṣán. Ẹran ara ọrùn ti rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

Ọmọbìnrin ẹ̀rọ ló mú un. Ó ti de ìbòjú mọ́lẹ̀ tán, ó ti fẹ́ jáde, ló bá padà. Ó ki ìka bọ abẹ́ ìbòjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Ìka wọlé. Ó ki ìkejì. Òun náà wọlé.

"Bàbá, ẹ dẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sílẹ̀."

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹnu yín jáde."

Afẹ́fẹ́ jáde. Ìbòjú dúró síbi tó wà. Ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Wọn ò tan nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e ni. Wọ́n mú un lọ sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n kò yí padà. Nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ ta òṣùwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òṣùwọ̀n kò bàjẹ́. Ó mú aṣọ ilé ìwòsàn fún un.

"Ẹ bọ́ tọrùn yín, Bàbá, ẹ wọ èyí."

"Òtútù ń mú mi."

"Ẹ bọ́ ọ," ni ìyàwó rẹ̀ sọ láti orí bẹ́ǹṣì. "Kí lẹ ní níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí rí?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Fàyèsílẹ̀ lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó tú bẹ́líìtì. Ṣòkòtò já bọ́ sórí táìlì.

Gbì.

Aṣọ kì í dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ìyàwó dìde, ó lọ gbé ṣòkòtò náà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé afọ́jú. Ìyàwó télọ̀ ni. Kò bèèrè ohun tó jẹ́. Ó ń wo ojú rírán rẹ̀, bó ṣe mọ́ tó, bó ṣe ṣe déédéé tó.

Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì kò ka ìwọ̀n náà sókè.

Wọ́n ya àwòrán tuntun, wọ́n ṣe ìbòjú mìíràn, wọ́n sì ki rọ́bà. Kò bá wọn jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìbòjú kẹta yẹn, wọn ò lò ó rárá. Dókítà pè wọ́n. Kókó náà ti dé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí orí.

"Tí a bá tan ìtànṣán sí i níbẹ̀," ó wí, "iṣan yẹn lè ya. Ẹ máa dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lórí tábìlì. Ibi tí a máa dúró nìyí. A máa fún yín ní oògùn ìrora. A ò ní fi yín sílẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n mú káàdì lọ́wọ́, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í pè é ní "o" láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, yíjú sí i.

"Kí ló dé? Kí ló dé tí o fi ṣe báyìí sí mi?"

Ohùn Fàyèsílẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ mọ́. "Ojú ẹ."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ó máa ń mọ́. Tí nọ́ọ̀sì bá ti kà á. Ojú ẹ máa ń mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ti múra láti bú u. Gbogbo èébú tó mọ̀ ti tò sẹ́nu rẹ̀. Ó gbé gbogbo wọn mì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi ń pàtẹ́wọ́ wà lórí itan rẹ̀, kò mọ ibi tó lè gbé wọn sí.

Nílé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Fàyèsílẹ̀ kò bèèrè bóyá òun máa kú. Ó mọ ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ránṣọ ikú náà. Ó ń bèèrè tí wọ́n bá ń da oúnjẹ sínú rọ́bà. Ó ń bèèrè tí wọ́n bá ń nu ara rẹ̀.

"Ṣé òjé yẹn ló fà á?"

"Èmi ò mọ̀, Bàbá wa."

"Lọ bá mi bi dókítà."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Rárá. Mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́nu tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìyàwó rẹ̀ lọ. Dókítà gbé àga kan sún mọ́ ọn.

"Màmá, mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kókó tó bá padà wá máa ń le. Ó lè dé ibẹ̀ bí ìbòjú bá tilẹ̀ mú wọn dáadáa. Àmọ́ ká ní ìtànṣán ń bọ́ síbi tó yẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn…"

"Ẹ parí ẹ̀."

"Bóyá à bá ti rí àsìkò gbà. Bóyá."

Kò wọ ọkọ̀ padà. Ó fẹsẹ̀ rìn. Ó ń fi ẹnu dán ọ̀rọ̀ kan wò lójú ọ̀nà, ó ń tún un sọ, bí àwọn ọmọ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ṣe máa ń há ewì sórí. Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù kí i, kò gbọ́.

Fàyèsílẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ọ̀sán lórí orúnkún rẹ̀. "Kí ló wí?"

Ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ó gbé báàgì kọ́.

"Ó ní òjé yẹn kò kàn án rárá. Ó ní kókó yẹn ti dé ibẹ̀ kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi símẹ́ǹtì lẹ̀ yín mọ́ tábìlì, ibi kan náà la máa já sí."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Símẹ́ǹtì?"

"Símẹ́ǹtì lèmi fi kún un."

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ọkùnrin tó máa ń mọ̀ tí oníbàárà bá fa ikùn mọ́ra níwájú téèpù. Tó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mí, kí wọ́n má tan ara wọn jẹ. Ìyàwó rẹ̀ dúró gbọn-in, ó ń retí pé á sọ ọ́ fún òun náà.

Kò sọ ọ́. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ilé ìwòsàn ló ti gbé wọn sókè, kò sì sí ẹni tó ṣàkíyèsí, títí kan òun fúnra rẹ̀. Ó gbé orí ti fèrèsé.

"O ṣeun," ó wí. "O ṣeun, Ìyá wa. Ọkàn mi balẹ̀."

Ó gbà á gbọ́. Ó máa fi ìyẹn sùn, ó máa fi ìyẹn lọ. "Bóyá" dókítà ti di ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé náà.

Ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ya, ó dì mọ́ etí síńkì, ó jẹ́ kí omi náà pariwo.

"Ìyá wa," ohùn rẹ̀ tó ti di afẹ́fẹ́ wá láti pálọ̀, "kí lò ń fọ̀ tó pẹ́ tó báyìí?"

"Abọ́ ni."

Kò sí abọ́ kankan nínú síńkì.